Oṣù Mẹ́rin Lòfin Wí, Kò Gbọdọ̀ Fi Ẹyọ Kan Lé

Oṣù méjì fún owó ìdógò, oṣù méjì fún àsansílẹ̀, ó parí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2018 ni òfin Côte d'Ivoire ti sọ pé onílé kò gbọdọ̀ béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ayálégbé. Onílé tó bá ń gba oṣù mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ní Treichville, ní Abidjan níbí, arúfin ni. Mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo fẹ́ pè é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí jẹ́ 75,000 sẹ́fà. Ká ní yàrá kan jẹ́ 40,000 lóṣù. Oṣù mẹ́rin tí òfin gbà jẹ́ 160,000, ó ti ju owó iṣẹ́ oṣù méjì lọ. Bí onílé bá sọ ọ́ di oṣù mẹ́jọ, ó di 320,000. Kí òṣìṣẹ́ gbààwẹ̀ oṣù mẹ́rin gbáko, owó náà kò ní pé. A ò sì tíì ka ti démarcheur, alágbàtà tó ń báni wá ilé, mọ́ ọn.

Àwọn onílé á ní ilé ò tó. Òótọ́ ni: orí erékùṣù ni Treichville wà, ọ̀sà kò jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ sí i. Àìtó yẹn gan-an ló sọ òfin di dandan. Níbi tí ilé bá ti pọ̀, ayálégbé á kọ tọ̀hún, á gba tìhín. Níbi tí kò ti tó, òfin nìkan ni alágbàwí rẹ̀.

Wọ́n á tún ní kí ẹni tí kò lágbára kó lọ sí Abobo, ní òdìkejì ọ̀sà. Ṣé ẹni tó ń ru ẹrù ní èbúté, tó ń pàtẹ lọ́jà ní ìdájí, ni ẹ fẹ́ lé kọjá ọ̀sà, kí owó ọkọ̀ wá jẹ ohun tí ì bá fi sanwó ilé?

Àwọn onílé ní ayálégbé a máa jẹ gbèsè sá lọ. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Torí wọn ni òfin fi gba ìdógò oṣù méjì. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ilé ẹjọ́ wà. Ẹni tí kò jẹ gbèsè kò gbọdọ̀ san ti ẹni tó sá.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láti Èjìgbò ni ọ̀pọ̀ wa ti tẹ̀ lé bàbá àti ẹ̀gbọ́n wá síbí. Cour commune kò ṣàjèjì sí wa: yàrá yí àgbàlá ká, gbogbo ilé ń pọn omi kan náà, bí agboolé. Ta ló wá kọ́ wa pé ká gba yàrá lọ́wọ́ onílé, ká bu èlé lé e, ká fi lé ọmọ ìlú wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, láìsí rìsíìtì? Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ín.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ òfin náà sára ògiri ní gbogbo òpópónà. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kà á sétí àlejò kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Onílé tó bá béèrè oṣù karùn-ún, kí ẹni kan má san án, nítorí owó tí ẹni àkọ́kọ́ bá san ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni kejì.