Ìbọn Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn



Bí ọdún bá dé, ẹ wo ojú títì láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ. Ẹ ó rí àwọn ọmọdé pẹ̀lú ìbọn oníke lọ́wọ́. Wọ́n á kọ ọ́ sí àyà ara wọn, wọ́n á ní "gbàù!", àwa náà á sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé ọdẹ, yálà ní Mápó tàbí Bẹyẹrunká, ìbọn tòótọ́ lè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn bàbá àgbà. Ǹjẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà mọ ìyàtọ̀?

Ìlú ológun ni Ìbàdàn láti nǹkan bí ọdún 1829. Ariwo ìbọn ló fún ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, lórúkọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn, àwọn ọdẹ sì wà lára wọn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ wa. Síbẹ̀, ìbọn tó ń ṣọ́ ilé kò gbọdọ̀ pa ọmọ ilé.

Àwọn kan ń sọ pé nítorí ajínigbé, kí á tètè kọ́ ọmọ ní ìbọn yíyìn. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí a má fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé àṣẹ. Ohun tí ọmọ kékeré nílò ni ẹ̀kọ́ ìṣọ́ra.

Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sínú ṣakabùlà. Bí wọ́n bá ti kì í tán, kò rọrùn láti tú u jáde láìyìn ín, bẹ́ẹ̀ ni ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá ó ní nǹkan nínú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí á kọjú rẹ̀ sí òun?

Nítorí náà, ẹ kọ́ ọmọ yín báyìí: bí o bá rí ìbọn, dúró, má fọwọ́ kàn án, kúrò níbẹ̀, lọ sọ fún àgbà. Láti 1988 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí rí i níbẹ̀ pé ọmọ tó mọ̀ ọ́n sọ lẹ́nu ṣì lè fọwọ́ kan ìbọn bí àgbà kò bá sí nítòsí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìbọn oníke ṣe é lójú yín, léraléra.

Ìyókù dọwọ́ àwa àgbà. Ẹ̀yin bàbá ọdẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ìbọn tí a ti kì wọlé. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí, kí ẹ̀tù wà níbòmíràn. Ẹ̀yin ìyá, kí ọmọ tó lọ sùn nílé ẹbí, ẹ béèrè bóyá ìbọn wà níbẹ̀. Kì í ṣe àrífín.

Nínú Diutarónómì orí 22, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí ẹni tó kọ́lé ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lọ́rùn onílé. Kò ní kí wọ́n dúró di ìgbà tí ẹnìkan bá ṣubú.

Ní alẹ́ òní, lẹ́yìn àdúrà ẹbí, ẹ bi ọmọ yín: "Bí o bá rí ìbọn, kí ni wàá ṣe?" Ẹ gbọ́ ohun tí yóò sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.