Owó Ọjọ́ Iwájú Kì í Ṣe Ìméfò

Lọ́dún 2021, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà lé ọ̀dọ́bìnrin ọlọ́pàá kan dànù ní ìpínlẹ̀ Èkìtì nítorí pé ó lóyún láì tíì lọ́kọ. Lọ́dún 2024, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Àkúrẹ́ wọ́gi lé òfin tí wọ́n fi lé e, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 5 náírà fún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà ni mo ṣírò.

Ọdún 35 ni ọlọ́pàá lè fi ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ká ní mílíọ̀nù 5 yẹn ni yóò dípò gbogbo rẹ̀, kò tó 12,000 náírà lóṣù. Lọ́dún 2024 kan náà ni owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000.

Àṣà àtijọ́ ni pé ẹni tí wọ́n lé lọ́nà àìtọ́ kò ní gbà ju owó àsìkò ìfitónilétí lọ. Nínú Òfin Iṣẹ́ wa, oṣù kan ni èyí fún ẹni tó ti ṣe ọdún 5. Bí obìnrin bá béèrè owó ọjọ́ iwájú, wọ́n á ní ìméfò ni, kó mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí wo? Ìwé ìgbéga àti owó oṣù àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú àpótí ẹni tó lé e.

Bẹ́ẹ̀, bí mọ́tò bá pa baálé ilé, àwọn adájọ́ wa a máa ṣírò owó tí ì bá fi bọ́ aya àtọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣé ọjọ́ iwájú òkú wá ṣeé kà ju ti alààyè lọ ni? L'Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ lọ́dún 2001 pé gbèdéke tí òfin fi lé owó gbà-máà-bínú kò kan owó ọjọ́ iwájú tí wọ́n ń san dípò dídá òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Òótọ́ ni pé ó lè ríṣẹ́ mìíràn. Kí wọ́n yọ ohun tó bá rí níbẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fìdí ìdẹ́yẹsí múlẹ̀, agbanisíṣẹ́ ni kó kó ìwé síta, òun ni kó fi hàn pé obìnrin náà kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Níwọ̀n ìgbà tí lílé aboyún bá ṣì rọ ọ̀gá lọ́rùn ju sísan owó oṣù rẹ̀ lọ, wọn ò ní yéé lé wọn.