10,000 Ìṣísẹ̀ Kì Í Ṣe Òfin

Ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló lè ka ìṣísẹ̀ ẹni tó ni wọ́n láti àárọ̀ dalẹ́, olúwa rẹ̀ ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀. Ohun kékeré kan wà nínú fóònù tó máa ń mọ bí ara ṣe ń mì tí èèyàn bá ń rìn, kò sì nílò dátà kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ṣí áàpù ìlera orí fóònù rẹ̀ lè bá iye náà níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á fi wé 10,000 ìṣísẹ̀ lójúmọ́ tí gbogbo ayé ń pariwo, ọkàn wọn á rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n á sì pa áàpù náà tì. Tèmi ni pé kí á máa lo ẹ̀rọ yìí dáadáa, kí á sì yọ 10,000 kúrò nínú ọ̀rọ̀. Iye tó wúlò fún èèyàn ni èyí tó fi ju ti ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ.

Ìdí ìpolówó ọjà ni 10,000 yìí ti wá. Ní 1965, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣe Òlíńpíìkì ní Tokyo, iléeṣẹ́ Yamasa ní Japan gbé ẹ̀rọ kan tó ń ka ìṣísẹ̀, tí wọ́n ń há mọ́ ìgbànú, jáde sọ́jà, wọ́n sì fi iye yẹn sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí I-Min Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard gbé ìwádìí tiwọn jáde ní 2019, lórí 16,741 obìnrin ní Amẹ́ríkà tí ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 72, ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó ń rìn tó nǹkan bí 4,400 ìṣísẹ̀ lójúmọ́ kò kú tó àwọn tó ń rìn 2,700. Èrè náà ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 7,500, lẹ́yìn náà kò tún fi bẹ́ẹ̀ gòkè mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 2,700 àti 4,400 kò ju ìrìn bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lọ. Ẹni tó sì ti rò pé òun ò lè pé 10,000 láéláé kò ní mọ̀ pé ìrìn kékeré yẹn gan-an ló kàn án.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ẹ̀rọ yìí wà fún bákan náà. Nígbà tí àwọn olùwádìí fún àwọn àgbẹ̀ kan ní Canada, àwọn ọmọ ìjọ Kristẹni Amish tí kì í lo mọ́tò, ní ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀, èsì tó jáde ní 2004 ni pé àwọn ọkùnrin wọn ń rìn ju 18,000 lọ lójúmọ́, àwọn obìnrin ju 14,000. Àgbẹ̀ tó ń fi ọkọ́ kọ ebè lẹ́yìn Òkukù kò nílò kí fóònù kankan sọ fún un pé òun ṣiṣẹ́. Fóònù náà kò tilẹ̀ ní rí iṣẹ́ rẹ̀ tán: ẹni tó dúró sójú kan tó ń wa ilẹ̀ kò rìn púpọ̀, fóònù rẹ̀ sì lè wà nínú àpò ṣòkòtò tó fi kọ́ sára igi. Bákan náà ni obìnrin tó ń gún iyán. Ó ń làágùn, apá àti èjìká rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì níbi tó ti ń gba iná.

Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tó ti kúrò nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti pọ̀ láàárín wa: òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, télọ̀, ọlọ́jà tó jókòó ti igbá rẹ̀, ọlọ́kadà fúnra rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní ọgbà Òkukù. Ẹ wo obìnrin tó ń ta aṣọ. Ọ̀kadà gbé e láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó dìde, ó fa aṣọ yọ, ó ṣí i han oníbàárà, ó ká a padà, ó jókòó. Oòrùn mú, owó kò wọlé bó ṣe yẹ, ariwo ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀. Bó bá fi máa dalẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ pátápátá, yóò sì sọ tọkàntọkàn pé òun ti ṣe eré ìmárale tòní. Kò parọ́ pé ó rẹ òun. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ kì í ṣe eré ìmárale, kò sì sí ohun tó lè fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn án kíákíá bí iye tó wà lórí fóònù tó gbé sápò láti àárọ̀. Bó bá bá 1,900 níbẹ̀, ó ti rí ẹ̀rí tí kò gba àwíjàre.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò le. Kó kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ láìyí ohunkóhun padà, kó mọ iye tirẹ̀. Lẹ́yìn náà kó fi 1,000 kún un. Ní 2007, àwọn olùwádìí kó ìwádìí 26 pọ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn tó lò ó fi nǹkan bí 2,500 kún ìrìn wọn lójúmọ́, pàápàá àwọn tí wọ́n fún ní iye kan láti lépa. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ju oní-tọ́ọ̀ṣì lọ kò pàdánù. Bó bá ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tó sì tó 100, ìrìn tó dára nìyẹn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá irú rẹ̀ sì ni 1,000. Kó fẹsẹ̀ rìn lọ kírun Àsùbá, tàbí kó sọ̀ lórí ọ̀kadà kó tó dé ilé.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í mú ara fúyẹ́, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2016, fi 471 èèyàn wò fún ọdún méjì: àwọn tó so ẹ̀rọ mọ́ra fi kílò 3.5 fúyẹ́, àwọn tí kò so ó fi 5.9. N kò lè fọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn. Oúnjẹ ló ń pinnu ìsanra jù, ẹ̀rọ kò sì mọ ohun tó wà nínú àwo. Kódà kálórì tó ń sọ pé a ti lò kò ṣeé gbára lé: nínú aago ọwọ́ méje tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford dán wò ní 2017, èyí tó dára jù fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà. Ẹni tó bá torí rẹ̀ bu iyán kún iyán ti tan ara rẹ̀ jẹ. Fóònù kò sì lè sọ bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe wà. Ilé ìwòsàn la ti ń yẹ ìyẹn wò. Ìrìn ni kó kà, ibẹ̀ ni kó mọ.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti ojú ọ̀nà. Níbo ni èèyàn máa rìn sí? Lójú títì tó gba Ìkìrun kọjá Ìnísà àti Òkukù lọ sí Ọ̀fà, ọkọ̀ ńlá ń sáré, ọ̀kadà ń gba ẹ̀gbẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ ló sì ń yẹra fún gbogbo wọn. N kò ní gba ìyá ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó máa lépa iye ìṣísẹ̀ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Àdúgbò inú ìlú àti pápá ilé ìwé láàárọ̀ kùtùkùtù ló sàn jù ní báyìí. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọtìn lè ṣe ju báyìí lọ. Bí wọ́n bá tún ṣe ọ̀nà kan, kí wọ́n fi ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì bo gọ́tà tó wà níbẹ̀, kí àgbà má baà jìn sí i.