Ẹni Tí Ó Ń Jẹ Nínú Orin, Kí Ó Tún Ilé Olórin Ṣe

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìjì líle kan tí wọ́n sọ ní Ida kọ lu ìlú New Orleans ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lára ohun tí ó wó ni ilé bíríkì kan tí ó wà ní nọ́ńbà 427, South Rampart Street. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn ilé náà yóò wí pé ilé àtijọ́ ni, ó kúkú ti gbó tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti gbó; ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ìdílé Karnofsky ni ilé náà nígbà kan rí, àwọn Júù tí wọ́n ti ilẹ̀ Lithuania wá, tí Louis Armstrong bá ṣiṣẹ́ nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Armstrong fúnra rẹ̀ sọ pé wọ́n fún òun ní oúnjẹ jẹ, wọ́n sì yá òun lówó tí òun fi ra fèrè kọ̀nẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ilé náà wà nínú ìwé ìjọba Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ilé ìtàn. Akọ̀wé ni mí, n kò sì kẹ́gàn ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé kì í dá ìjì dúró. Àìbìkítà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ìjì kàn wá parí rẹ̀ ni.

Nínú ìlú yìí ni a ti bí orin tí gbogbo ayé ń pè ní jáàsì, òun náà sì ni ìlú náà fi ń pe àlejò. Bí o bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, pápá ọkọ̀ tí o dúró sí ń jẹ́ orúkọ Armstrong láti ọdún 2001. Ọgbà ńlá kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú, ère rẹ̀ sì dúró níbẹ̀. Ẹ wá béèrè ilé tí a bí i sí ní Jane Alley. Wọ́n wó o ní ọdún 1964, wọ́n fi ilẹ̀ náà kọ́ ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́. Ọgbà tí mo dárúkọ yìí pàápàá, orí ilẹ̀ tí wọ́n ti wó ilé àwọn ènìyàn dúdú àdúgbò Tremé ni wọ́n ṣe é sí. Ní ọdún 1966 ẹ̀wẹ̀, wọ́n gé àwọn igi oak tí ó tò lọ bẹẹrẹ ní Claiborne Avenue, níbi tí àwọn ará Tremé ti ń tajà tí wọ́n sì ti ń ṣọdún, wọ́n sì gbé afárá ọkọ̀ mọ́tò gba orí ibẹ̀ kọjá.

Ẹlòmíràn yóò bi mí pé, kí ni ó kan ará ilé wa nínú ọ̀rọ̀ òkè òkun yìí? Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 1817, ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣe òfin pé kí àwọn ẹrú má ṣe péjọ láti jó bí kò ṣe ní ọjọ́ Ìsinmi, àti ní ibi tí olórí ìlú bá yàn fún wọn. Pápá tí wọ́n yàn ni a mọ̀ sí Congo Square. Ní ọdún 1819, Benjamin Latrobe, ayàwòrán ilé, gba ibẹ̀ kọjá. Ó ṣírò àwọn tí ó péjọ sí 500 tàbí 600, ó sì ya àwòrán àwọn ìlù àti ohun èlò olókùn tí wọ́n ń lò. Nínú ìwé àwọn tí ń ta ẹrú ní Louisiana, a rí orúkọ Bàmbàrá, a rí Kóńgò, a sì rí Nago, èyí tí wọ́n fi ń pe ìran tiwa. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí gùn orí àga láti kéde pé Yorùbá ni ó dá jáàsì sílẹ̀. Irú ìgbéraga bẹ́ẹ̀ a máa ba ìtàn jẹ́. Àpapọ̀ ìran ni, àti ti Áfíríkà, àti ti Faransé, àti ti Sípéènì, àti orin ìsìn àwọn ìjọ.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní ọdún 1865, àwọn ẹgbẹ́ onífèrè idẹ pọ̀ sí i ní ìlú náà. Àwọn ènìyàn dúdú sì dá ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀, wọ́n ń dá owó, kí ẹgbẹ́ lè tọ́jú aláìsàn kí ó sì sin òkú ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Bí wọ́n bá ń gbé òkú lọ, orin ìsìn ni wọ́n ń fọn, ní jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ìkáàánú. Bí wọ́n bá ti sin ín tán tí wọ́n ń bọ̀ wálé, orin á yí padà, ijó á bẹ́ sílẹ̀, àwọn ará àdúgbò á tò tẹ̀lé wọn. Ta ni nínú wa tí yóò ka èyí tí kò ní rántí òkú àgbà?

Mo jẹ́wọ́ pé nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, tí mo ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdékùnrin, olùkọ́ wa kan gba fèrè lọ́wọ́ mi nítorí pé mo mú orin ìsìn yára. Ó ní orin ilé ọtí ni mo sọ ọ́ dà. Kò parọ́ pátápátá. Láti ọdún 1897 títí di 1917, ìlú New Orleans ya àdúgbò kan sọ́tọ̀ fún àwọn aṣẹ́wó, Storyville ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ eléré sì jẹun níbẹ̀, pàápàá àwọn atẹdùùrù bí Jelly Roll Morton. Kò yẹ kí a fi aṣọ bò ó. Ṣùgbọ́n ilé ìsìn àti ìsìnkú kọ́ wọn bí ilé ọtí ti kọ́ wọn.

Nínú àwọn àgbà onífèrè wọ̀nyí, Buddy Bolden ni ó ń dùn mí jù. A bí i ní ọdún 1877. Òun ni àwọn tí ó tẹ̀lé e ń pè ní ọba kọ̀nẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ kò sí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kankan tí a lè fi gbọ́ ohùn fèrè rẹ̀. Àrùn ọpọlọ kọ lù ú. Ní ọdún 1907 wọ́n fi í sí ilé ìtọ́jú ní Jackson ní Louisiana, kò sì jáde títí ó fi kú ní ọdún 1931. Ibi ìsìnkú àwọn tálákà, Holt Cemetery, ni wọ́n sin ín sí, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìka tọ́ka sí ojú oórì rẹ̀ gan-an. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gba jáàsì sínú àwo ní ọdún 1917, ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó, Original Dixieland Jass Band, ni ó gba ipò náà. King Oliver tí ó ránṣẹ́ pe Armstrong sí Chicago ní ọdún 1922, tí ó kọ́ ọ bí ọmọ, iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ni ó ń ṣe ní Savannah kí ó tó kú ní ọdún 1938.

Armstrong ní tirẹ̀ rí iyì, ṣùgbọ́n kì í ṣe nílé. Ní ọdún 1956, ìjọba Louisiana ṣe òfin pé kí dúdú àti funfun má ṣe jọ ṣeré ní gbangba. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní dúdú, ó ní funfun. Ó kọ̀, kò ṣeré ní ìlú rẹ̀ mọ́ títí di ọdún 1965. Láàárín ìgbà náà ni ó wá sí Nàìjíríà, ní ọdún 1960 tí a gba òmìnira. Nígbà tí ó padà sí New Orleans, ilé tí a bí i sí ti di ilẹ̀. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1900 ni a bí òun. Ó ti kú ní ọdún 1971 kí a tó rí ìwé ìrìbọmi rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìjọ Kátólíìkì, tí ó fi hàn pé ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1901 ni. Akọ̀wé ìjọ kan tí a kò mọ̀ tọ́jú ọjọ́ ìbí rẹ̀ fún un ju bí ìlú ti tọ́jú ilé rẹ̀ lọ. Ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Lucille rà ní Queens ní New York ní ọdún 1943 ni ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí àlejò ti lè wo yàrá rẹ̀ àti àga rẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé ilé òtòṣì ni àwọn ilé wọ̀nyí, kò sí ẹwà lára wọn, ìlú sì ní ìyà mìíràn tí ó ń jẹ ẹ́, pàápàá láti ìgbà ìjì Katrina ti ọdún 2005. Mo gbà pé ìyà pọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò sọ pé kí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ òtòṣì fi ra pákó. Àwọn onílé ìtura, àwọn onílé ọtí, àti àwọn tí ń ṣe àjọ̀dún orin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, orin yìí ni wọ́n ń tà. Kí òfin ya ìpín kan sọ́tọ̀ nínú owó náà fún òrùlé àti ògiri ilé àwọn tí ó dá a sílẹ̀, kí a sì fi ọmọ àti ìbátan eléré sínú wọn gẹ́gẹ́ bí ayálégbé, nítorí ilé tí ènìyàn ń gbé kì í tètè wó. Kí wọ́n sì fi àwọn alààyè sílẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, ọlọ́pàá dá àwọn onífèrè dúró ní Tremé níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yẹ fún ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó kú, wọ́n sì mú méjì nínú wọn nítorí ìwé àṣẹ. Àṣà tí a ń polówó fún àlejò ni wọ́n fi ń mú ọmọ onílé!

Ilé tí Bolden gbé wà ní First Street, nọ́ńbà 2309. Ilé pákó tóóró ni, tí àwọn yàrá rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn láìsí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀mọ̀wé John Michael Vlach, ará Amẹ́ríkà, jiyàn pé irú ilé bẹ́ẹ̀ gba Haiti wá sí New Orleans, àti pé a lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ilé oníyàrá méjì ti àwọn Yorùbá. Iyàn ni, àwọn amòye kò tíì fẹnu kò lé e lórí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé náà fi wà láìsí ẹni nínú rẹ̀, tí ọ̀dà ń ṣí lára rẹ̀. Ní ọdún 2019, PJ Morton, olórin ọmọ ìlú náà, kéde pé òun fẹ́ tún un ṣe. Bí a bá bá òrùlé rẹ̀ lókè, òun gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ ná owó náà sí. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ìgbà ìjì ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún.