Gìgísẹ̀ Ẹni Tí Ń Sáré
Bí géńdé ilé yín tí ń sáré ìje bá ń tiro lọ ṣe àlùwàlá Àsùbáà, tí ìrora náà sì ń rọlẹ̀ bí ó ti ń rìn, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Iṣan tí ó ti gìgísẹ̀ gba àtẹ́lẹsẹ̀ dé ọmọ ìka ni ó sábà máa ń fà á.

Ẹ má fi agbára tẹ ojú ibi tí ń dùn ún. Ẹ fi òrí wọ́ ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, láti abẹ́ orúnkún wá sí ìsàlẹ̀, àti àtẹ́lẹsẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ó tó sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, kí ó fi ọwọ́ fa àwọn ọmọ ìka sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ó ka ení dé 10, ní ìgbà 10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Kí ó dín eré kù; ó lè gba oṣù díẹ̀.

Bí ó bá wú, tàbí tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ọsibítù yá. Ohun ìfipamọ́ Ọlọ́hun ni ara wa.