Bí Eré Bí Eré La Fi Ń Kọ́ṣẹ́, Àmọ́ Ẹ Jẹ́ Ká Tún Pátákó Máàkì Wa Ṣe

Èmi ni mo wà lókè pátápátá lórí pátákó máàkì ẹgbẹ́ wa ní táàmù tó kọjá. Máàkì 64 ni mo ní. Ẹni tó tẹ̀ lé mi ní 51. Mi ò ní purọ́, mo yangàn gan-an. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìbẹ̀wò òbí jẹ́ kí n rí i pé máàkì 64 yẹn kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá àgbà kan wá láti Ìsẹ́yìn wá wo ọmọ-ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS1. Ẹ mọ bí Ìsẹ́yìn ṣe jìnnà sí Abuja tó. Mọ́tò òru ni màmá wọ̀. Yorùbá nìkan ni wọ́n gbọ́, mátírọ́ọ̀nù tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà kò sì gbọ́ Yorùbá rárá. Wọ́n ní kí n wá ṣe ògbufọ̀, ṣebí èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ Yorùbá. Màmá ní, "Ọmọ mi, bá mi sọ fún wọn pé ara ọmọ yìí kọ ẹ̀pà o." Mo kọjú sí mátírọ́ọ̀nù, mo sọ fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ọmọ náà kò fẹ́ràn ẹ̀pà. Mátírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tó bá yá, á fẹ́ràn rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń ṣe tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé.

Ọmọbìnrin JSS2 kan tó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló dá sí i. Ó kúnlẹ̀, ó kí màmá, ó wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá wá jẹ ẹ́ ńkọ́?" Màmá ní ètè rẹ̀ á wú, mímí á ṣòro fún un, pé ilé ìwòsàn ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ JSS2 yìí yí gbogbo rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú mátírọ́ọ̀nù. Kíá ni wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà fún àwọn tó ń se oúnjẹ àti fún nọ́ọ̀sì.

Àyà mi já. Máàkì 9 péré ni ọmọ JSS2 yẹn ní lórí pátákó wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ. Ó ní eré ni. Ọmọ Hausa, ọmọ Ígbò, ọmọ Nupe àti ọmọ Yorùbá ló jọ wà nínú yàrá wọn. Tí wọ́n bá kàwé alẹ́ tán, ẹnì kan á pàṣẹ lédè Yorùbá, ẹnì kejì á yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kẹta tí kò gbọ́ Yorùbá á sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. "Gbé ife pupa sórí bẹ́ẹ̀dì kejì, àmọ́ má jẹ́ kí omi inú rẹ̀ dànù." Tí ẹnì kẹta bá ṣe é sódì, ògbufọ̀ á dìde fún ẹlòmíì, gbogbo wọn á sì jọ wá ọ̀rọ̀ tó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò sí máàkì níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ pé kí ògbufọ̀ tó yí ọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí kò yé e.

Báwo lèmi ṣe wá rí 64 tèmi? Máàkì 2 ni wọ́n ń fún ẹni tó bá wá sí ìpàdé, 3 fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè, 5 fún òwe kan. Mo há òwe inú ìwé wa sórí, mo ń tètè nawọ́ sókè. Mi ò ṣe ògbufọ̀ rí. Mi ò darí ìpàdé rí. Eré tí à ń ṣe yẹn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni. Iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá eré sílẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi.

Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ka ti ẹnìkejì rẹ̀ kó tó ta, ó ti kó sí wàhálà. Àwọn baba wa kì í pe èèyàn ní ọ̀ta torí pé ó máa ń wà nídìí ọpọ́n lójoojúmọ́. Ẹni tó bá jẹ ayò lójú gbogbo èèyàn ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n bá jẹ ni ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ kì í sì í kú! Àwọn òǹwòran á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ inú yẹ̀yẹ́ yẹn ni wọ́n á ti sọ ibi tó ti ṣìṣe fún un. Á tún ta á lọ́la.

Iṣẹ́ ńlá náà ń lo irú ọgbọ́n yìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Zaria, wọ́n ní ẹ̀rọ tí inú rẹ̀ rí bí iwájú ọkọ̀ òfurufú gẹ́lẹ́, àmọ́ tí kì í kúrò nílẹ̀. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá já ọkọ̀ lulẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní kú. Tunde Onakoya, tó kọ́ chess ní ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rẹ́ ní Ìkòròdú nígbà tó wà ní kékeré, dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018. Ní April 2024, wákàtí 60 ló fi ta chess ní Times Square, New York, láti wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò rówó. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú chess ni pé wọ́n máa ń kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdíje. Ẹni tó pàdánù lè padà lọ wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀.

Mo mọ̀ pé olùkọ́ wa kan sọ ní ìpàdé tó kọjá pé ká pa eré tì, torí WAEC ń bọ̀. Ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Kí pátákó tó dé, àwa 11 là ń wá sí ìpàdé. Ní táàmù tó kọjá a lé ní 30. Pátákó ló fa èmi gan-an wọlé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ní 2025 ni ìjọba àpapọ̀ kó iṣẹ́ ọwọ́ bíi fífi sólà, aṣọ rírán àti àtúnṣe fóònù sínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun. Ṣé ẹni tó lè sọ ìtumọ̀ sólà la fẹ́ fún ní máàkì ni, àbí ẹni tó lè fi í tí iná á sì tàn?

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nìkan ni kó máa gba máàkì wíwá-sípàdé, fún táàmù kan péré. Èkejì, ká fi "ọ̀pẹ" àti "ọ̀ta" rọ́pò nọ́ńbà. Kí ẹnikẹ́ni tó di ọ̀ta, kó ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lójú wa: kó ṣe ògbufọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, kó ka ìròyìn ilé-ìwé fún wa lórí ìlà, kó sì darí ìpàdé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, ká fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ kí ẹni tó jẹ fi ibi tó ti ṣìṣe han ẹni tí wọ́n jẹ, láìsí èébú.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. SS2 ni mí, àgbà díẹ̀ ni mí nílé-ìwé yìí, mo sì ti ṣubú. Ẹ bá mi nu 64 yẹn kúrò lórí pátákó. Ẹ kọ "ọ̀pẹ" síwájú orúkọ mi. Mo ti bẹ ọmọ JSS2 yẹn pé kó jẹ́ kí n máa bá wọn ṣeré tiwọn ní alẹ́ Sátidé. Ó gbà, àmọ́ ó ní èmi ni màá kọ́kọ́ gbé ife.