KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ IRIN TÍ A Ń DÀ?

 

Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ pé bí sípíríǹgì ọkọ̀ bá kán, tí wẹ́dà sì jó o pọ̀, kì í pẹ́ kí ó tún tó kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí a jó. Wẹ́dà yìí kan náà a jó ṣáásí, a sì dúró. Kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ rẹ̀. Kábọ́nì tí ó pọ̀ nínú èédú ni ó fà á. Nínú 1,000 kílò irin sípíríǹgì, kábọ́nì a máa tó 5 kílò. Nínú irin ìkọ́lé tí ó ṣeé jó pọ̀, kò yẹ kí ó ju bíi 2.5 kílò lọ. Bí kábọ́nì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni irin ń le sí i, ṣùgbọ́n kò ní tẹ̀ mọ́, kíkán ni yóò máa kán.

Ìmí-ọjọ́ ń mú kí irin là nígbà tí a bá ń yí i ní pípọ́n, àfi bí mangáníìsì bá wà níbẹ̀ láti ká a lọ́wọ́ kò. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń sọ irin tútù di igi gbígbẹ. Bàbà ló wá burú jù: bí wáyà tàbí fáànù àlòkù bá bá irin wọ iná, bàbà inú rẹ̀ kì í bá ìdàrọ́ jáde. Inú irin ni yóò kù sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìyírin sílẹ̀ ní Òṣogbo, Jos àti Katsina, ètò ni pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa yí 210,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Aladja lẹ́bàá Warri, níbi tí a ti ń fi òkúta irin dà á, ni irin yóò ti máa wá. Aladja kò lè pèsè tó, iṣẹ́ tiwa náà dákẹ́, ìjọba sì tà á ní 2005. Lónìí, àlòkù irin ni a fi ń da ọ̀pọ̀ irin ìkọ́lé ní Nàìjíríà: sípíríǹgì, ẹ́ńjìnnì, páànù, gbogbo rẹ̀ nínú iná kan.

Àlòkù kò ní ẹ̀bi. Jákèjádò ayé ni a ń dà á. Ṣíṣà á àti yíyẹ̀ ẹ́ wò ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé iye tọ́ọ̀nù nìkan ni a fi ń ṣírò bọ́nọ́ọ̀sì, ta ni yóò dúró ṣa wáyà?

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí a san owó fún àwọn tí ń ṣa irin, kí a sì fún wọn láàyè. Kí a yẹ irin wò kí a tó dà á, kí fóòmánù má sì pàṣẹ kí a da èyí tí àyẹ̀wò bá kọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ipá mú òṣìṣẹ́ ju sìlíńdà tí ó dé pa tàbí irin tí omi wà nínú rẹ̀ sínú iná: bíi bọ́ǹbù ni yóò bú.

Ìwọ tí o sì ń kọ́ yàrá méjì lọ́wọ́, wo ara ọ̀pá irin kí o tó sanwó. Àjọ SON ní kí àmì ilé-iṣẹ́ tí ó yí i wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí, má rà á.

Irin tí a dà lánàá ni ó ń gbé òrùlé lé orí ọmọ wa lálẹ́ òní. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.